Ẹ má tíì ju àga Dádì nù: bí a ṣe ń to pálọ̀ bíi ti ọdún 1960

Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi fọ́tò àga kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo iye tí wọ́n ń ta àga àlòkù níbí, ẹ gbà mí o." Mo fẹ fọ́tò náà kó tóbi, mo wò ó, mo tún un wò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì là síta díẹ̀, apá rẹ̀ pẹlẹbẹ bí ọmọrogùn, ẹ̀yìn rẹ̀ fì sẹ́yìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Háà! Ṣebí èyí gan-an ló wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìbàdàn, èyí tí adìyẹ ń yé sí! Mẹ́rin ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀kan dáná nígbà ìsìnkú Màmá Àgbà torí igi ìdáná ò tó, ó ku mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé wọn kúrò nínú òjò. Láti ìgbà náà mo ti tún àga mẹ́fà ṣe, mo ti ba nǹkan méjì jẹ́, mo sì ti mọ ohun tí ǹ bá ti mọ̀ tipẹ́ ká ní mo béèrè, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ eléyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Midcentury modern lorúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, nǹkan ilé tí wọ́n ṣe láti bí 1945 tí ogun Hítílà parí títí dé bí 1970. Àga ńlá oní-òdòdó gbígbẹ́ tó jẹ́ ọkùnrin mẹ́ta ló ń gbé e, ó ti sú àwọn èèyàn nígbà yẹn, wọ́n ń fẹ́ nǹkan tó fúyẹ́, tí igi rẹ̀ hàn síta, tí èèyàn lè gbálẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Charles àti Ray Eames, tọkọtaya ni wọ́n, gbé àga onígi títẹ̀ àti awọ kan jáde lọ́dún 1956 tí wọ́n ṣì ń ṣe é títí dòní. Ní Denmark, Hans Wegner ya àga kan lọ́dún 1949 tó jẹ́ okùn bébà ni wọ́n fi hun ìjókòó rẹ̀, nǹkan bíi mítà 120 okùn lórí àga kan ṣoṣo, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń hun ún. Eero Saarinen ní tiẹ̀ ò fẹ́ràn igbó ẹsẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ tábìlì, ló bá ṣe èyí tó dúró lórí ẹsẹ̀ kan bí olú.

Báwo ló ṣe wá dé ẹ̀yìnkùlé wa? Ẹ ronú sí i. University College Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1948, Maxwell Fry àti Jane Drew ló ya àwọn ilé rẹ̀, ògiri oníhò-oníhò kí atẹ́gùn lè máa wọlé, òrùlé pẹrẹsẹ, gbogbo ẹ̀ mọ́ tónítóní. Àwọn PWD, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba (Public Works Department), ń ṣe àga fún kọ́tà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn káfíńtà wa wò ó, wọ́n fojú kọ́ ọ, wọ́n sì lọ fi igi ìrókò àti igi masóníà ṣe tiwọn fún tíṣà, fún akọ̀wé, fún àwọn baba olóko kòkó tí owó wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó a lọ ra ti òkè òkun ní ṣọ́ọ̀bù ńlá Kingsway tàbí Leventis. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, tẹlifíṣọ̀n fúnra ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi kọ́bọ́ọ̀dù, òmíràn tiẹ̀ ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń tì. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ ń ṣe bí òyìnbó, ẹ ní pálọ̀ bàbá yín lẹ ń tún ṣe.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

1. Ẹ wo ilé kẹ́ ẹ tó wo ọjà

Tó bá jẹ́ ilé àtijọ́ lẹ ń gbé, bí àwọn bangalóò Bódìjà tí ìjọba Western Region kọ́, ìdajì iṣẹ́ ti parí kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti dúdú wà nínú sìmẹ́ńtì tó ń dán, tẹrásò nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi táìlì bò ó. Mo ti rí onílé tó fi táìlì funfun bo tẹrásò tó dára, mo fẹ́ sunkún. Ọṣẹ lásán àti omi ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Ẹ má da ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ sí i, ẹ má fi fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, torí mábù ló pọ̀ jù nínú àwọn òkúta yẹn, ásíìdì sì ń jẹ mábù, ilẹ̀ á di ṣákiṣàki, kò ní dán mọ́. Tó bá ti ṣú tẹ́lẹ̀, àwọn tó ní ẹ̀rọ ìlọlẹ̀ á bá yín lọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á sì fi wáàsì, ìyẹn ìda tó ń mú ilẹ̀ dán, nù ún.

Fèrèsé lúfà náà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fọ àwọn dígí rẹ̀, ẹ kàn fi òróró díẹ̀ sí ibi tó ń yí, ó tán.

Ilé táìlì funfun lẹ háyà? Kò sí wàhálà, ẹ ra ẹní tó dáa tàbí rọ́ọ̀gì kan tó fẹ̀ tó kí ẹsẹ̀ iwájú gbogbo àga lè wà lórí rẹ̀. Èyí tó kéré bí ìnusẹ̀ láàárín pálọ̀ ńlá máa ń dà bí ẹni tó wọ fìlà ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ẹ wọn yàrá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa gé bébà ìwé ìròyìn ní ìwọ̀n àga tí mo fẹ́ rà, mo máa tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo máa rìn láàárín wọn. Tí mo bá ń tẹ bébà mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo ń lọ sí kíṣìnnì, àga yẹn ti tóbi jù nìyẹn.

2. Ibi tí àga wà

Ilé ẹbí ni àkọ́kọ́. Ẹ lọ wo iyàrá tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ẹ wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ má kàn gbé e. Àga tí bàbá ń jókòó lé, kì í ṣe àga lásán lójú ẹbí, kódà tó bá ti ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Èmi gbé ti Dádì lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́ Bọ̀dá mi àgbà ti pè.

"Ta ló ní kó o gbé àga Dádì?"

"Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Mo fẹ́ tún un ṣe ni."

"Kí ló ṣe é?"

Adìyẹ ń yé sí i lórí láti ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kí ló ṣe é! Màmá ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ní kí n gbé e, àmọ́ tí mo bá kùn ún ní ọ̀dà pupa, kí n má dá a padà mọ́. Nítorí náà ẹ pe gbogbo ọmọ ìyá jọ kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ sọ ibi tó máa wà.

Ibòmíràn ni gbàǹjo. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì bá fẹ̀yìn tì tí wọ́n ń kó kúrò ní kọ́tà, wọ́n máa ń ta nǹkan, tí ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ bá ń ra àga tuntun, wọ́n máa ń kó ti tẹ́lẹ̀ jọ sẹ́yìn. Ẹ bá gẹ́tímáànì sọ̀rọ̀, òun ló máa ń mọ̀ kí ìwé gbàǹjo tó jáde. Ibi tí èmi tún fẹ́ràn jù ni ṣọ́ọ̀bù àwọn bàbá káfíńtà tó ti dàgbà, torí kò sí èyí tí kò ní àga oníbàárà kan tí wọ́n gbé wá ṣe tí wọn ò padà wá gbà. Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jókòó, ẹ ra míńírà fún wọn, ẹ má fi ojú hàn pé nǹkan náà ń wù yín. Ẹ sì ro owó ọkọ̀ mọ́ ọn. Mo ti san owó Máíkírà méjì lórí àga kan tí owó ọkọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ ju owó àga lọ, tí mo sì di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú láti Mọ́kọ́lá dé ilé.

Tí ẹ bá wà l'Ékòó tẹ́ ẹ sì ń fẹ́ àga kéènì, ẹ lọ sí Mende ní Maryland, àwọn tó ń hun àga pọ̀ níbẹ̀. Kéènì yìí, pankẹ́rẹ́ ni o, ẹ̀yà igi tí tíṣà fi nà wá náà ni. Ọ̀kan ṣoṣo láàárín àwọn onígi máa ń jẹ́ kí pálọ̀ mí, mẹ́rin á wá dà bí ilé oúnjẹ etí òkun.

3. Ẹ dà á dé kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹ mú síkúrù dírábà kékeré. Ẹ má wo ojú àga, ojú kò sọ òótọ́, abẹ́ ló ń sọ òótọ́. Ẹ dà á dé sílẹ̀.

Ẹ wo oríkèé, ìyẹn ibi tí igi ti pàdé igi. Tí wọ́n bá ki orí igi kan bọ ihò inú ìkejì, oníṣẹ́ ló ṣe é, tó bá tiẹ̀ ń mì jọ̀jọ̀ ẹ má fòyà, àtè tó ti gbẹ ló fa ìyẹn, ó ṣe é tún lẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣó ni wọ́n kàn gbá káàkiri, ẹ wò ó dáadáa, ó lè jẹ́ àtúnṣe burúkú lórí iṣẹ́ rere, ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Igi tó sán láti òkè délẹ̀ lẹ́sẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ẹ gbọ̀n ọ́n. Tí lẹ́búlẹ́bú bá já bọ́ bí àtíkè, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ihò rẹ̀ máa kéré bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ti ikán yàtọ̀, ojú ọ̀nà ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ máa rí, tẹ́ ẹ bá sì fi ẹ̀yìn síkúrù dírábà kàn án á máa dún bí ìlù torí inú ti ṣófo. Ihò kòkòrò mẹ́ta mẹ́rin ṣe é wò sàn, ikán tó ti wọnú ẹsẹ̀ kò ṣe é wò.

Ẹ fi ẹnu síkúrù dírábà ha abẹ́ ìjókòó díẹ̀ níbi tí kò hàn. Ìrókò máa ń yọ pupa rúsúrúsú bí oyin nínú, torí ìmọ́lẹ̀ ló ń sọ ojú rẹ̀ di búráùn. Masóníà yàtọ̀, ó dúdú látilẹ̀ wá, òrùn ló ń mú kó ṣá. Arère fúyẹ́ ó sì funfun, tí ẹ̀kánná yín bá wọ ọ́ wọ̀ọ̀, tí wọ́n sì ń pè é ní ìrókò fún yín, ẹ rẹ́rìn-ín kẹ́ ẹ máa lọ. Fún kọ́bọ́ọ̀dù àti tábìlì, ẹ wo etí rẹ̀: tí ilà igi orí bá dáwọ́ dúró lójijì létí, awọ igi tín-ín-rín ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pílíwúùdù. Kò burú o, àwọn ará Denmark náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi sọ́kàn, torí mo ń bọ̀ wá sọ ohun tójú mi rí.

4. Iṣẹ́ igi

Ẹ má gbé sáńpépà lákọ̀ọ́kọ́. Aṣọ, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀, ẹ fún aṣọ náà gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó nu igi, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Ó máa yà yín lẹ́nu. Nínú àga mẹ́fà tí mo tún ṣe, méjì ni kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdọ̀tí àti èéfín àdògán lásán ló bò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ẹ fi òwú bọ sìpíríìtì, ẹ fi kan ibi kọ́lọ́fín kan. Tí ojú igi bá yọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ òwú, pọ́líìṣì ṣẹ́láàkì àtijọ́ ni, inú yín á dùn, torí kò yẹ kẹ́ ẹ há a kúrò, tuntun máa lẹ̀ mọ́ àtijọ́ dáadáa. Ẹ po ṣẹ́láàkì sínú sìpíríìtì, ẹ fi òwú tí ẹ ká sínú aṣọ funfun pa á lára, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún pa á. Tí kò bá yọ́, fánísì ni, sáńpépà sì di dandan nìyẹn.

Sáńpépà nọ́ńbà 120 lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ sí 180, ẹ fi 240 parí ẹ̀. Ibi tí ilà igi bá kọrí sí ni kí ọwọ́ yín kọrí sí, ẹ má gbé e gba ìbú láé, torí ìlà tí ẹ fà gba ìbú kò ní hàn títí ẹ ó fi fi òróró kùn ún, ìgbà yẹn ló máa wá yọ bí ilà ojú. Ẹ fi nǹkan bo imú. Mi ò fi ṣeré rárá, lẹ́búlẹ́bú masóníà máa ń mú èèyàn sín títí imú á fi ṣẹ̀jẹ̀, ti ìrókò náà ń mú kí ara àwọn kan yún. Tó bá jẹ́ pé àga náà ti ní ọ̀dà àtijọ́ lára, ìpele lórí ìpele, ẹ má há a ní gbígbẹ nínú ilé tí ọmọdé wà, òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìgbà yẹn, ẹ rin ín kẹ́ ẹ tó há a, ẹ kó èyí tó já sílẹ̀ dànù.

Ọjọ́ tí mo há apá àga Dádì, mo jókòó sílẹ̀ níta láti aago méje àárọ̀. Apá ọ̀tún dúdú ju ti òsì lọ, ó dúdú ó sì ń dán, mo rò pé iná ló jó o. Bí mo ṣe ń fà á ni ó ń yọ lẹ́búlẹ́bú tó lẹ̀ pọ̀ bí ìpara. Òógùn ọwọ́ ni. Ọdún mélòó ni Dádì fi gbé ọwọ́ lé ibẹ̀, ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara pa orí. Nígbà tó di bí aago mẹ́wàá, àwọ̀ oyin yọ, òrùka kan sì yọ nínú rẹ̀, funfun róbótó, ibi tí ife tíì gbígbóná máa ń wà. Bàbá káfíńtà àdúgbò wa tó ń wò mí látòkèèrè ní "Há a kúrò, yóò lọ." Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà. Ó ṣì wà.

Ó yá, ohun tójú mi rí. Mo ra kọ́bọ́ọ̀dù gígùn kan, ẹsẹ̀ mẹ́fà ní gígùn, ilẹ̀kùn tó ń fà lọ fà bọ̀, ẹwà gidi. Mo gbé e fún ẹnìkan tó ní òun ní ẹ̀rọ sáńdà, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Lóòótọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni! Ẹ̀rọ ti jẹ awọ igi orí rẹ̀ tán, pílíwúùdù ń wò wá láti àárín bí eyín tó ká. Kò sí àtúnṣe fún un. Awọ igi yẹn kì í nípọn tó mìlímítà kan. Ohunkóhun tó bá ní awọ igi, ọwọ́ ni, sáńpépà 240 ni, jẹ́jẹ́ ni.

Oríkèé tó ń mì: ẹ fà á yọ, ẹ há àtè àtijọ́ kúrò pátá, àtè tuntun kì í mú lórí àtijọ́. Ẹ fi àtè funfun tí káfíńtà ń lò, ẹ tì í bọ ihò rẹ̀ padà, ẹ wá fi okùn wé gbogbo ẹ̀ yíká, ẹ ki igi kékeré bọ inú okùn náà kẹ́ ẹ sì lọ́ ọ títí á fi le pin-pin. Ó di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó tú u. Fọ́míkà orí tábìlì tó ń ṣí létí, àtè onípupa tó ń rùn yẹn (contact glue) ni, ẹ pa á sí ojú méjèèjì, ẹ má tíì lẹ̀ wọ́n pọ̀, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó gbẹ lójú, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, torí tó bá ti kan ara wọn, kò sí pé ẹ fẹ́ sún un mọ́.

Ihò kòkòrò: ẹ fa Solignum, oògùn tó ń pa kòkòrò igi, sínú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oògùn, ẹ fi í sínú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kun abẹ́ rẹ̀. Ìta lẹ máa ti ṣe é, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kó sì wà níta títí òórùn rẹ̀ á fi lọ, tèmi gba ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìparí igi wà lọ́wọ́ yín. Èmi fẹ́ràn òróró línsíìdì, ẹ fi aṣọ pa á tín-ín-rín, ẹ nu èyí tó kù kúrò lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọjọ́ kejì ẹ tún pa á, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: aṣọ tí ẹ fi pa òróró yẹn, ẹ má ká a jọ sí igun kan o, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí tí yóò fi gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sórí okùn níta kó gbẹ tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi. Tó bá jẹ́ fánísì lẹ fẹ́, ẹ béèrè èyí tí kì í dán. Àwọn káfíńtà wa fẹ́ràn kí igi máa dán bíi dígí, wọ́n á ní "Ẹ jẹ́ kó shine, Màdáámù." Ẹ dúró lórí ọ̀rọ̀ yín.

5. Fóòmù àti aṣọ

Rọ́bà abẹ́ tìmùtìmù máa ń ti já. Ti òkè òkun wà, ṣùgbọ́n túùbù táyà ọkọ̀ tí wọ́n gé ní ínṣì méjì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ sáà jẹ́ kí wọ́n fà á le kí wọ́n tó kàn án. Fóòmù, ínṣì mẹ́rin, èyí tó le. Ẹ má ra rọ̀bọ̀tọ̀ ínṣì mẹ́fà torí pé ẹ fẹ́ ìgbádùn, àga yìí kì í sanra, ìjókòó rẹ̀ tó bíi ínṣì 16 sí ilẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e ga, orúnkún yín ò ní mọ ibi tó máa lọ.

Aṣọ tó nípọn, aláwọ̀ kan: àwọ̀ ìyeyè tó pọ́n, àwọ̀ ewé tó ṣú, àwọ̀ ọsàn, búlúù tó jìn. Ní ti aṣọ tiwa, sányán nìkan ni mi ò lè yìn tó. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti ìrókò dà bí ọmọ ìyá. Àmọ́ ẹ má fi aṣọ òkè ṣe ìjókòó, ibi tí wọ́n ti rán àwọn ọ̀já rẹ̀ pọ̀ máa ń ya tí èèyàn bá jókòó lé e lójoojúmọ́, ìrọ̀rí kékeré tó ń fẹ̀yìn ti àga ni kẹ́ ẹ fi ṣe. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà dára, èmi ní méjì onílà Ìbàdàndùn, òpó Mápó wà níbẹ̀ àti ṣíbí. Ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́ kẹ́ ẹ tó rán an, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró á bọ́ sí aṣọ funfun àlejò yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

6. Títò ó

Ẹ̀yin náà mọ bí pálọ̀ wa ṣe ń rí: àga fẹ̀yìn ti ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àárín ṣófo bí ìpàdé ẹbí, rúùmù difáídà wà níwájú tó kún fún àwo tí a kì í fi jẹun. Ẹ fa àga kúrò lára ògiri, ó kéré tán ínṣì díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́wà. Ẹ jẹ́ kí méjì kọjú sí ara wọn. Tábìlì àárín kó wà ní bíi ínṣì 18 sí ìjókòó, kó má ga ju ìjókòó lọ. Ẹ yọ náílọ́ọ̀nù kúrò lórí tìmùtìmù, mo bẹ̀ yín. Aṣọ kúróṣè orí àga tí àwọn ìyá wa hun, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ọ̀kan tó o. Tí àlejò bá pọ̀, sítúùlù mẹ́ta tó ń wọ abẹ́ ara wọn á gbà yín.

Ẹ má wá gbogbo ẹ̀ láti ọdún kan náà. Tẹlifíṣọ̀n yín tuntun ni, kí ó jẹ́ tuntun.

7. Ògiri àti iná

Fọ́tò bàbá àti ìyá máa ń wà lókè lókè nítòsí àjà, tí wọ́n tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń yẹjú wo ohun tí à ń jẹ. Ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ kí àárín fọ́tò tó bíi ínṣì 57 sí ilẹ̀, ojú á ko ojú. Bọ̀dá mi àgbà ò fara mọ́ ìyẹn náà, wọ́n ní àbùkù ni, torí náà ti Dádì ṣì wà lókè. Àwòrán àwọn ará Òṣogbo, ìyẹn àwọn tó jáde láti ìgbà Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán àti òṣèré tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1962, bá ìgbà náà mu tẹ́ ẹ bá lè rí ọ̀kan, ìtẹ̀jáde orí bébà gan-an tó.

Iná funfun àjà yẹn, ẹ pa á. Ó ń sọ igi di eérú. Ẹ ra gílóòbù tí wọ́n kọ 2700K sí lára, èyí tó pọ́n bí iná àtùpà, ẹ fi sínú láńpù ilẹ̀ kan àti ti orí tábìlì kan, wọn kì í jẹ iná, ínfátà á gbé wọn. Láńpù àlòkù, ẹ jẹ́ kí oníná pààrọ̀ wáyà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òdòdó rọ́bà, rárá. Ọ̀já ìkookò (snake plant) wà lẹ́bàá odi káàkiri, òyìnbó ń fi owó ra á fún pálọ̀ wọn, ẹ hú ọ̀kan sínú ìkòkò, omi ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.

8. Rédíògírámù

Tẹ́ ẹ bá rí ọ̀kan, ìyẹn àpótí onígi tó ní rédíò àti ẹ̀rọ àwo rẹ́kọ́ọ̀dù nínú, ẹ rà á, kódà tí kò bá dún, torí àpótí rẹ̀ nìkan tó kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ lè tẹ́ àwo àti ife lé e lórí. Àmọ́ ẹ má kàn kì í bọ iná láti gbọ́ bóyá ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwọn nǹkan inú rẹ̀ tó ti gbẹ láti ọdún yìí wá lè bú, iná tó wà nínú ti onífáfù (fáfù ni àwọn gílóòbù dígí inú rédíò àtijọ́) sì lágbára gan-an, kódà lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì ó ṣì lè gbá èèyàn. Àgbà aṣerédíò ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe àwọn ọmọ tó ń tún fóònù ṣe.

Tèmi wà lọ́dọ̀ bàbá kan báyìí, wọ́n ti ṣí i, eku ti bímọ sínú rẹ̀ nígbà kan, ṣùgbọ́n wọ́n ní fáfù mẹ́ta nínú márùn-ún ṣì dára, rédíò ti ń dún fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀. Àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Dádì wà nílé, mo ti nù wọ́n. Abẹ́rẹ́ ni à ń wá.